Béèsì Tí Kò Gbé Ọ̀rọ̀ Ìlù Mì: Ìlànà Yíyan Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè fún Olùkọ́ Yorùbá ní Alímọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó ń mú kí béèsì dúró ṣinṣin nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn ará ọjà mọ̀ sí anpilifáyà. Ohun tí a fi hàn ni pé iye watt tí a kọ sára ẹ̀rọ kọ́ ni ó ń ṣe é, bí kò ṣe agbára tí ẹ̀rọ ní láti dá sípíkà dúró, bí iná tí ó ń wọ inú rẹ̀ ṣe rí, àti yàrá tí a gbé e sí.

Ìfáárà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọ̀mọ̀ràn tó lè mọ̀ ọ́n, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èyí ni ìṣòro tí ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan fún kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn nítorí iye watt ńlá tí a kọ sára páálí rẹ̀. Mo gbé orin jùjú kan sí i, mo sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ìyáàlù ń sọ. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí pé ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ ìlù mọ́. Nígbà tí mo délé, tí mo fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì sí etí gbọ́ orin kan náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìlù náà ni ó ṣe kedere. Ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan olùkọ́ Yorùbá
Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ìyáàlù bá fẹ́ pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, gíga àti ìrẹlẹ̀ ohùn ni a ó fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n bá jẹyọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn orin tí ó rẹlẹ̀ gan-an a máa bo èyí tí ó ga jù ú lọ mọ́lẹ̀ ní etí ènìyàn, ju bí èyí tí ó ga ṣe lè bo èyí tí ó rẹlẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí gìtá béèsì bá ń hó lọ lẹ́yìn ìgbà tí ó yẹ kí ó ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìlù ni yóò gbé mì.

Kí ni béèsì tí ó dúró ṣinṣin?
Ẹ jẹ́ kí a wo onílù àkúbà. Bí ó bá fi ọwọ́ lu awọ, ìlù a dún. Bí ó bá fẹ́ kí ohùn náà kú lójú ẹsẹ̀, a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ náà. Onílù tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tẹ awọ, ohùn kan yóò máa wọ inú èkejì mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sípíkà rí. Páálí roboto kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn páálí yìí ni wáyà tí a wé jọ wà, láàrin òòfà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni láti ti páálí náà, kí ó sì tún dá a dúró. Béèsì tí ó dúró ṣinṣin ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lásìkò, tí ó sì parí lásìkò.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dá páálí dúró? Bí páálí bá ń mì lẹ́yìn tí orin ti kọjá, wáyà tí ó wà láàrin òòfà a máa pèsè iná díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí iná yìí bá rí ọ̀nà gba inú ẹ̀rọ kọjá láìsí ìdènà púpọ̀, yóò fa páálí náà sẹ́yìn bí ìjánu ṣe ń fa ẹṣin. Nítorí náà, bí ìdènà inú ẹ̀rọ bá ṣe kéré tó ni ìjánu rẹ̀ ṣe le tó. Ọgbọ́n pàtàkì kan tí a fi ń dín ìdènà yìí kù ni èyí tí Harold Black, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ronú kàn ní ọdún 1927: a ó mú díẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ ń gbé jáde padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó lè fi ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, bí akọrin ṣe ń fetí sí ohùn ara rẹ̀ kí ó má baà ṣì í kọ.

Ìwọ̀n ìkóníjàánu
Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá a máa dárúkọ ìwọ̀n kan tí ó ń jẹ́ damping factor. Ìwọ̀n ìkóníjàánu ni a ó máa pè é. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé a ó fi ìdènà inú ẹ̀rọ pín ìdènà sípíkà. Bí sípíkà bá jẹ́ 8 ohm, tí ti ẹ̀rọ sì jẹ́ 0.08 ohm, ìwọ̀n náà jẹ́ 100. Ẹ̀rọ onígílóòbù àtijọ́ tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 2 ohm yóò ní 4 péré. Òun ni béèsì rẹ̀ fi sábà máa ń rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má fi 500 tàn wá jẹ. Wáyà inú sípíkà 8 ohm fúnra rẹ̀ ní ìdènà bíi 6 ohm, ìdènà náà kò sì ṣe é yọ kúrò lójú ọ̀nà. Pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ní 100, àpapọ̀ ìdènà jẹ́ 6.08, pẹ̀lú èyí tí ó ní 500, ó jẹ́ 6.016. Ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wáyà tí a fi so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ń kó ipa ju ìyẹn lọ. Wáyà tín-ín-rín tí ó nípọn 0.75 mm², tí ó gùn ní mítà 10, ní ìdènà bíi 0.46 ohm ní àlọ àti àbọ̀. Èyí tí ó nípọn 2.5 mm² kò ju bíi 0.14 lọ.

Iná mànàmáná àti iye watt
Bí iná bá wálẹ̀ láti 230 volt sí 170, bí a ti í rí i nígbà mìíràn ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìkọ̀tún, ẹ̀rọ oní-tiransifọ́mà tí ó lè gbé 100 watt jáde kò ní lè ju nǹkan bíi 55 lọ. Bí a bá ṣí ohùn rẹ̀ sókè nígbà náà, orí ohùn yóò gé, béèsì yóò sì di ariwo. Nítorí náà, sitabiláísà tí ó tó ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì ju àfikún watt lọ. Ó ṣe tán, bí a bá sọ 100 watt di 200, dẹ́síbẹ́lì 3 péré ni ohùn yóò fi ga sí i. Ẹni tí ó ń lo ínfátà lè yan ẹ̀rọ oríṣi D, nítorí pé kì í fi iná ṣòfò bí oríṣi AB.

Àmì tí a lè fi mọ ẹ̀rọ tí agbára iná inú rẹ̀ dúró ni kí a wo watt rẹ̀ ní 8 ohm àti ní 4 ohm. Èyí tí ó fún ni ní 100 ní àkọ́kọ́, tí ó sì sún mọ́ 200 ní èkejì, kò ní wó lábẹ́ béèsì. Watt tí a kọ RMS sí lára ni kí a gbára lé. PMPO kò ju ìpolówó ọjà lọ.

Yàrá
Kò sí ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ pọ̀ tó tí ó lè ṣẹ́gun yàrá. Yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí í ṣe nǹkan bíi mítà 3.66, a máa gbé ohùn tí ó ń mì ní nǹkan bí ìgbà 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ga ju ìyókù lọ. Inú àgbègbè ohùn gìtá béèsì ni èyí sì bọ́ sí. Bí ìbú àti òró rẹ̀ bá tún dọ́gba, ìṣòro náà di méjì. Kí a gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí a sì yí ibi tí a jókòó sí padà, kí a tó lọ ra ẹ̀rọ mìíràn.

Bí a ó ṣe dán ẹ̀rọ wò
Láti Ìgándò, ọ̀nà tààrà ni ó gba Ìyànà-Ìbà dé ọjà Alaba International ní ìlú Ọjọ́, níbi tí ẹ̀rọ tuntun àti tòkunbọ̀ pọ̀ sí. Kí olùkọ́ mú orin tí ó ní dùndún àti gìtá béèsì dání, èyí tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ ìlù inú rẹ̀ dájú. Kí ó sọ pé kí wọ́n má fi kún béèsì. Kí ó gbọ́ ọ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, kí ó tún gbọ́ ọ ní ohùn òkè. Bí ọ̀rọ̀ ìyáàlù bá ń yé e ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀rọ náà yege. Bí àyà rẹ̀ bá ń mì ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò yé e, kí ó fi í sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìkóníjàánu ni ó ń mú béèsì dúró ṣinṣin, kì í ṣe ariwo. Ìwọ̀n tí ó mọ níwọ̀n, wáyà tí ó nípọn, iná tí kò ṣe ségesège àti yàrá tí a tún tò yóò ṣe olùkọ́ láǹfààní ju watt ẹgbẹ̀rún lọ. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó yẹ etí ọmọ wò.