Omi ni Mehmed Kejì fi gba Constantinople

Bí a bá dárúkọ Mehmed Kejì, Súlútánì ilẹ̀ Ottoman tó gba Constantinople lọ́dún 1453, àgbá ńlá tí Orban ará Hungary rọ fún un ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àgbá náà fọ́ odi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà omi tí Mehmed dí ló gba ìlú yẹn fún un. Nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó gorí ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1451. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó kọ́ ilé olódi sétí omi Bosphorus, ní ọ̀ọ́kán èyí tí Bayezid, baba ńlá rẹ̀, ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tó ń kó ọkà bọ̀ láti Òkun Dúdú kò lè kọjá láìgbàṣẹ.

Àwọn kan á ní ìlú náà ti di ahẹrẹpẹ, pé nǹkan bí 7,000 jagunjagun péré ló ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò lágbára lọ́dún 1422 náà, nígbà tí Murad, bàbá Mehmed, dó tì í tí kò sì rí i gbà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Haliç, omi tó ya wọ ẹ̀gbẹ́ ìlú. Àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ti fi ẹ̀wọ̀n irin dí ẹnu rẹ̀. Mehmed ní kí wọ́n to igi sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá kùn ún, wọ́n sì wọ́ nǹkan bí 70 ọkọ̀ gba orí òkè ẹ̀yìn Galata, ní òdìkejì omi náà, sọ̀ kalẹ̀ sínú Haliç ní ọjọ́ 22, Oṣù Kẹrin. Ló bá di dandan kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kò tó nǹkan tún pín ara wọn sí odi etí omi. Ní ọjọ́ 29, Oṣù Karùn-ún, ìlú bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo Belgrade, ìlú tí Mehmed dó tì lọ́dún 1456. Àgbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fọ́ odi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ John Hunyadi, ọ̀gágun ilẹ̀ Hungary, já ìdènà Mehmed lórí odò Danube, ìrànwọ́ wọlé, Súlútánì sì padà lọ́wọ́ òfo.

Èyí kò fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Nítorí oyè, ó ní kí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ tó ṣì jẹ́ ìkókó. Ó tún gbà kí ọmọ ogun kó ìlú tó ṣẹ́gun, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ẹni tó bá ń pè é ní Aṣẹ́gun gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn.