Fóònù Gẹ́gẹ́ Bí Rìmóòtù: Àrokò Tí Ojú Kò Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ẹ̀rọ mu. Odindi ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ ń fẹ́: kí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ẹnu, kí ó gbọ́ èdè rẹ̀, kí ó sì dúró ní ibi tí etí ẹ̀rọ náà ti lè gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ẹ̀rọ yóò dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Àìmọ ohun mẹ́ta yìí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa dá fóònù wọn lẹ́bi lásán, tí àwọn mìíràn sì ń pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí kò bàjẹ́ tì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé olùkọ́ kan ní Ayétòrò-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà ní pálọ̀, dikódà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ohùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní họ́ọ̀mù tíátà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rìmóòtù mẹ́ta ni ó ń darí wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n wá ọ̀kan tì. Ọmọ ilé náà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá, fóònù yóò ṣe é." Ó gba áàpù kan sórí fóònù rẹ̀, àwòrán rìmóòtù sì hàn gedegbe lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ kò mira. Ní ilé kejì, fóònù tí owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí wàhálà. Kí ni ó fa ìyàtọ̀?

Bí rìmóòtù ṣe dé

Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Zenith ní Amẹ́ríkà gbé rìmóòtù kan jáde tí wọ́n pè ní Lazy Bones. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wáyà náà sì ń gbé àwọn onílé ṣubú. Ní 1955, Eugene Polley, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, ṣe Flash-Matic, tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí igun ojú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá tàn wọ inú ilé, ẹ̀rọ lè ṣèèṣì gbà á bí àṣẹ. Ní 1956, iṣẹ́ Robert Adler jáde, èyí tí ó ń lo ohùn tí ó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí irú ohùn yìí fi wà lóde kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní infrared, tó gba ipò rẹ̀.

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1959, rìmóòtù kò jẹ́ ìṣòro ẹnikẹ́ni. Ibùdó kan ṣoṣo ni ó wà láti wò. Nígbà tí ibùdó pọ̀ sí i, ọmọdé ni wọ́n ń rán pé kí ó dìde lọ yí i. A lè sọ pé ọmọ ilé ni rìmóòtù àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá.

Àrokò owó ẹyọ àti àrokò ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ bí a ti ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀ láìlanu. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà náà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà mọ́ ẹni tí a rán an sí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan. Bí owó ẹyọ méjì bá kojú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ kan náà ni. Iye rẹ̀ àti bí a ṣe tò ó ni ó gbé ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ àdéhùn inú rẹ̀, owó lásán ni yóò rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rìmóòtù ń ṣe. Gílóòbù kékeré kan wà ní orí rẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, gílóòbù náà yóò máa ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò ṣẹ́jú díẹ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún ṣẹ́jú. Ìdákẹ́ kúkúrú jẹ́ àmì kan, ìdákẹ́ gígùn jẹ́ àmì kejì. Àmì méjì péré yìí ni gbogbo èdè rẹ̀. Nínú ìlànà tí ilé-iṣẹ́ NEC ti Japan ṣe, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń lò, àmì 32 ni ó wà nínú iṣẹ́ kan. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń dárúkọ ẹ̀rọ tí a ń bá wí. Mẹ́jọ kejì jẹ́ òdìkejì àwọn ti àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mẹ́jọ kẹta ni àṣẹ gan-an: tàn, kú, gbé ohùn sókè. Mẹ́jọ ìkẹyìn tún jẹ́ ẹlẹ́rìí fún àṣẹ náà. Bí ọ̀rọ̀ àti ẹlẹ́rìí kò bá ṣe déédéé, ẹ̀rọ yóò kọ iṣẹ́ náà.

Ìlànà ti Philips tí a ń pè ní RC-5 yàtọ̀: àmì 14 ni tirẹ̀, ìṣẹ́jú gílóòbù rẹ̀ sì jẹ́ 36,000. Ìdí nìyí tí rìmóòtù ilé-iṣẹ́ kan kì í fi í darí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí a ń sọ èdè Èkìtì fún ẹni tí kò gbọ́ ju Haúsá lọ.

Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ di rìmóòtù

Ṣáájú fóònù òde òní ni kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ ti gba iṣẹ́ yìí. Palm III, tí ó jáde ní 1998, ní ojú infrared tí àwọn méjì fi ń fi orúkọ àti àdírẹ́sì ránṣẹ́ síra nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn. Àwọn kan kọ ètò tí ó mú kí ó lè kọ́ èdè rìmóòtù. Ó gbọ́ èdè náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Àfi kí ènìyàn súnmọ́ ẹ̀rọ kí ó tó lè pàṣẹ fún un.

Ní 2013 ni Samsung Galaxy S4 àti HTC One jáde pẹ̀lú ojú infrared tí a ṣe fún dídarí ẹ̀rọ inú ilé. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yọ ọ́ kúrò; Xiaomi fi í sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú tirẹ̀. A kò fi irú rẹ̀ sí ara iPhone rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé méjèèjì ní Ayétòrò hàn wàyí. Áàpù dà bí ìwé ìtumọ̀ àrokò. Kò lè fún fóònù tí kò lẹ́nu ní ẹnu.

Ọ̀nà kan wà láti fi kámẹ́rà dán rìmóòtù wò. Kí a kọ orí rìmóòtù sí kámẹ́rà iwájú fóònù, kí a tẹ bọ́tìnnì. Bí rìmóòtù bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yóò fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí hàn. Bí kò bá hàn, kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì kí a tó ka ẹ̀rọ sí òkú.

Ọ̀nà kejì: Wi-Fi

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó ní Wi-Fi lè gba àṣẹ fóònù tí kò ní ojú infrared, bí àwọn méjèèjì bá wà lórí Wi-Fi kan náà tí áàpù náà sì bá ẹ̀rọ mu. Infrared kì í la ògiri kọjá. Wi-Fi a máa là á. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, rìmóòtù ni a fi ń kọ́kọ́ so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí rìmóòtù sọnù ti pẹ́ jù. Kí a so wọ́n pọ̀ nígbà tí rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́. Bí iná ọba bá sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ṣùgbọ́n tí kò gbé ẹ̀rọ Wi-Fi, fóònù kò ní rí ọ̀nà gbà.

Ta ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Rìmóòtù jẹ́ ti ilé. Fóònù jẹ́ ti ẹnì kan. Bí ọmọ tí àṣẹ wà nínú fóònù rẹ̀ bá padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti gbé àṣẹ lọ, ìyá àgbà tí kò lè ka ojú fóònù yóò sì jókòó ti ẹ̀rọ tí kò lè yí. Nítorí náà, kò yẹ kí fóònù lé rìmóòtù kúrò nílé. Igbákejì ni kí ó jẹ́. Bí fóònù ilé kò bá lẹ́nu, rìmóòtù onílé-iṣẹ́-púpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà sàn ju áàpù mẹ́wàá lọ. Áàpù rìmóòtù tí ó bá sì ń bèèrè láti ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tàbí àwọn ìwé-ìránṣẹ́ inú fóònù, kí a yọ ọ́ kúrò. Dídarí ẹ̀rọ kò nílò wọn.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní àrokò lè mú rìmóòtù kan àti fóònù kan wọ kíláàsì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ìmọ́lẹ̀ náà nínú kámẹ́rà, yóò yé wọn pé owó ẹyọ mẹ́fà àti àmì 32 ń sọ ohun kan náà: àdéhùn ni ó ń sọ àmì di ọ̀rọ̀.