Kí ló dé tí ‘ẹ́’ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀?

Nígbà tí Unicode 17, ètò tó ń fún àmì ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àmì ìkọ̀wé 4,803 ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ fi di 159,801. Ìkọ̀wé Beria Erfe, tí àwọn Zaghawa ń lò ní Chad àti Sudan, rí àyè níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lọ wò bóyá ‘ẹ́’ tiwa náà ti wọlé. Kò wọlé. Kò sì ní wọlé láéláé.

Ẹ má tíì bínú. Nọ́ńbà kan wà fún ‘ẹ’ lásán: U+1EB9. Ọ̀kan wà fún ‘é’: U+00E9. Ìgbà tí àmì bá wà lókè tó tún wà nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. ‘Ẹ́’ tí ẹ ń wò yìí, ẹni méjì ló wà nínú agbádá kan. U+1EB9 ló ṣáájú. U+0301 ló tẹ̀ lé e, ìyẹn àmì ohùn òkè tí kò ní ìjókòó tirẹ̀, tó jẹ́ pé orí lẹ́tà tó bá ṣáájú rẹ̀ ló máa ń gùn. Báìtì 5 làwọn méjèèjì ń jẹ nínú UTF-8, ètò tó ń sọ àwọn nọ́ńbà yìí di báìtì, tí Ken Thompson gbé kalẹ̀ lọ́dún 1992 lórí ìwé tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, tí Rob Pike jókòó tì í.

Àwọn ará Vietnam náà ń lo ‘ẹ’ àti ‘ọ’, ṣùgbọ́n ‘ệ’ tiwọn, tó ru àmì lókè àti nísàlẹ̀, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: U+1EC7. Ó jọ pé àsìkò ni wọ́n bá, kì í ṣe pé ẹnì kan kórìíra Yorùbá. Lọ́dún 2001, pẹ̀lú Unicode 3.1, àwọn tó ń ṣe Unicode ti ilẹ̀kùn irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀: lẹ́tà tí a bá ti lè fi ẹni méjì tó wà nílẹ̀ kọ, kò ní gba nọ́ńbà tuntun mọ́, kí ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun má baà di àjèjì síra wọn.

Lórí fóònù, ẹ lè má fura. Inú terminal Linux, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni agbádá ti ń ṣí. Àpótí àpótí ni terminal ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀, lẹ́tà kan sí àpótí kan. Mo tẹ `cat`, àṣẹ tó ń dá ohun tí a bá kọ padà, mo kọ ‘ọjọ́’, mo wá tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ‘ọ́’ pòórá lójú, ó ku ‘ọj’. Mo tẹ Enter, ni kọ̀ǹpútà bá dá ‘ọjọ’ padà fún mi! Àmì ohùn nìkan ni kernel, ọkàn Linux, yọ nínú ìrántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ojú terminal padà sẹ́yìn ní odidi àpótí kan, inú àpótí yẹn sì ni lẹ́tà àti àmì jọ wà. Ti zsh, ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal, tilẹ̀ le jù: bí a kò bá tan `combiningchars`, `<0301>` gbọọrọ ni yóò kọ sí ibi tí àmì yẹ kó wà.

Títẹ ‘ẹ́’ gan-an kò le. `setxkbmap ng yoruba` ń fún wa ní pátákó ìtẹ̀wé tiwa. Ẹni tó bá sì ti yan bọ́tìnnì Compose lè tẹ̀ ẹ́, kó tẹ ‘!’, kó tẹ ‘e’, ‘ẹ’ á jáde. Lójú tèmi, mo sì lè ṣì í o, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ‘ẹ́’ ní nọ́ńbà kan ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi bíríkì dí. Àwọn tó ń kọ ètò terminal ló yẹ ká lọ bá.

Linux kì í sì í bá ẹnikẹ́ni tún orúkọ fáìlì ṣe. Mo tẹ `ls` lọ́jọ́ kan, mo rí `ilé.txt` méjì nínú fódà kan náà. Mo fi `xxd` wo báìtì wọn: ‘é’ ọ̀kan jẹ́ `c3 a9`, nọ́ńbà kan ṣoṣo; ti èkejì jẹ́ `65 cc 81`, ‘e’ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo pa ọ̀kan rẹ́. Mo rò pé èyí tó yẹ ni.