Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ láti Erékùsù Òyìnbó: Ohun tí Ó Ń Pàdé ní Ẹnu Bodè Accra

Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn òkun tí a sì gbé wá sílé ni àwọn baba wa ń sọ ní Tòkunbọ̀. Ní ayé òde òní, orúkọ náà ti kọjá ti ọmọ ènìyàn; ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Tòkunbọ̀ ni à ń pe òun náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin àwọn méjèèjì. A kì í bi Tòkunbọ̀ ọmọ léèrè bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni tàbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún kí a tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ti Tòkunbọ̀ ọkọ̀, bí ó bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté Tema, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà Accra sí òkun, òfin Ghana yóò bèèrè apá ibi tí sítíárìn rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti wà ní Accra. Àdúgbò Alata ní James Town jẹ́rìí sí i, nítorí Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn tí ó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Accra títí di òní, àwọn mìíràn nínú ẹbí wọn sì wà ní London, ní Manchester àti ní Birmingham. Ẹni tí ó wà ní London ni ó ń rí ọkọ̀ rà ní pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó wà ní Accra ni ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ inú tro-tro ní ìdájí kí ó tó dé ilé-ìwé tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí ni ó tún kù, bí kò ṣe pé kí ọ̀kan fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì? Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

OGÚN TÍ GẸ̀Ẹ́SÌ FI SÍLẸ̀

Erékùsù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkun ni ó là á níyà sí Faransé àti Jámánì, nítorí náà kò pọn dandan fún un láti máa rìn bí wọ́n ti ń rìn. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, sítíárìn sì wà ní apá ọ̀tún ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni erékùsù Japan. Ohun tí ó bá ẹni tí ó dá gbé ní agbede omi mu lè má bá ẹni tí ó ní aládùúgbò mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ wa àti Gòlú Kóòsì, ó kó ìlànà òsì yìí wá fún wa, kò sì bi wá léèrè bóyá àwọn tí ó yí wa ká ń rìn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ghana gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé, tí wọ́n ń gba apá ọ̀tún, ni ó yí i ká ní ìhà mẹ́ta. Òkun ni ìhà kẹrin. Awakọ̀ tí ó bá ti Accra lọ sí Lomé gbọ́dọ̀ fi òsì sílẹ̀ fún ọ̀tún bí ó bá ti kọjá Aflao. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ikú lè rán an létí.

Nígbà tí ó yá, àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àkóso wọn tún èrò ara wọn pa. Gambia yí padà ní ọdún 1965, Sierra Leone ní ọdún 1971, Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ghana ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974, lábẹ́ ìjọba ológun I. K. Acheampong. Nifa, èyí tí í ṣe ọwọ́ ọ̀tún ní èdè Akan, ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ sí etí àwọn ará ìlú kí ọjọ́ náà tó dé. Kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi péjọ sí Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, láti dá ECOWAS sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó wà láàrin ọjọ́ tí Ghana ta àsíá rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó yan apá tí yóò gbà ní ọ̀nà ara rẹ̀.

ÌDÍ TÍ SÍTÍÁRÌN FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn kan a máa wí pé, "Kí ni ti sítíárìn? Ṣebí awakọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè wà á ní apá ibi tí ó bá wù ú." Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí apá tí ó súnmọ́ àárín ọ̀nà, kí ojú rẹ̀ lè tó ohun tí ń bọ̀. Bí a bá wa ọkọ̀ London ní ọ̀nà Accra sí Kumasi, ẹ̀bá igbó ni awakọ̀ jókòó sí. Bí ó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wà níwájú rẹ̀, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ yọ ọkọ̀ rẹ̀ sí àárín ọ̀nà kí ó tó lè ríran. Nígbà tí yóò bá fi rí ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Iná iwájú tún ń kọ́? A ṣe iná ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó máa tàn sókè díẹ̀ sí apá òsì, níbi tí etí ọ̀nà wà lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Ghana, apá òsì ni ọkọ̀ tí ń bọ̀ ń gbà kọjá. Nítorí náà ojú ẹni ẹlẹ́ni ni iná náà ń lọ bá tààrà ní òru. Bí ó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀sì, apá òsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà: àárín títì ni àwọn èrò yóò máa sọ̀ sí, àti ìyá tí ó pọn ọmọ, àti àgbàlagbà tí ń tẹ ọ̀pá.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kò nílò ohun púpọ̀. Kí ó ya ọ̀nà sí orí tábìlì, kí ó fi páálí ìṣáná mẹ́ta ṣe ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò rí i kedere.

ÌRÌN ÀJÒ ỌKỌ̀ TÍTÍ DÉ ÌDÍ NỌ́ŃBÀ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọkọ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún DVLA tí ó wà ní Swansea. Lẹ́yìn náà a óò gbé ọkọ̀ lọ sí èbúté bíi Tilbury, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi yóò sì kọ ìwé ẹrù lé e lórí. Kí oníkálukú pa ìwé yìí mọ́ bí ẹyin ojú, nítorí ẹni tí kò bá ní in kò ní ẹrù kankan ní Tema.

Ọdún 1962, ní ìgbà Ààrẹ Nkrumah, ni wọ́n ṣí èbúté Tema. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè súnmọ́ Accra. Àwọn atukọ̀ ni ń fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì já, tí wọ́n ń kó ẹrù wá sí etíkun James Town. Lónìí, ohun tí a ní láti là já ní Tema ni ìwé àti owó. Àwọn aṣọ́bodè tí ó wà lábẹ́ Ghana Revenue Authority yóò yẹ nọ́ńbà ara ṣáásì wò, láti mọ irú ọkọ̀ náà, ọdún tí a ṣe é àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tóbi tó. Iye tí ẹ san ní London kọ́ ni wọ́n ń gbára lé. Iye tí ọkọ̀ náà jẹ́ nígbà tí ó wà ní tuntun ni wọ́n ń mú, wọn a yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀, wọn a sì ka owó ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tóbi tó ni owó orí ẹrù ń ga tó. Bí ọkọ̀ bá sì ti lé ní ọdún 10, ìtanràn ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ nítorí pé ó rọrùn ní London, tí owó bodè sì wá ju iye tí wọ́n rà á lọ.

Lẹ́yìn bodè ni ó kan ilé-iṣẹ́ tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ghana. DVLA ni wọ́n ń pe òun náà, bí ẹni pé ìbejì ni òun àti ti Swansea. Wọn yóò yẹ bíréèkì, táyà àti iná wò. Wọn yóò béèrè ìwé aṣọ́bodè. Ínṣọ́ránsì sì gbọ́dọ̀ wà, nítorí òfin ọdún 1958 kò gbà kí ọkọ̀ kankan máa rìn láìní in. Ìgbà náà ni a tó lè fún un ní nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní apá òsì ni gbogbo ètò yìí wà fún. Ọkọ̀ tí tirẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, òfin Ghana kò fẹ́ kí ó wọlé, àyàfi bí a bá gba àṣẹ pàtàkì láti òkè wá. Bí ó bá há sí èbúté, owó ìdúró yóò máa gun orí ara wọn lójoojúmọ́, nígbẹ̀yìn ìjọba sì lè tà á ní gbànjo. Owó tí àbúrò fi oṣù pípẹ́ kó jọ ní ilẹ̀ òtútù, tí ẹ̀gbọ́n fi orúkọ olúwarẹ̀ súre, yóò di ti ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

ṢÉ A KÒ LÈ YÍ I PADÀ?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń béèrè nìyẹn. Kò sí àní-àní pé àwọn fítà wa ní ọgbọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti dé Suame Magazine ní Kumasi, tàbí Abossey Okai ní Accra níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, yóò mọ̀ pé kò sí irin tí ọmọ Ghana kò lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sítíárìn nìkan ni ó ń yí. Bíréèkì, wáyà iná, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ìrì inú mọ́tò àti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìjàǹbá, gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ gbé kúrò ní ipò wọn. Ibi tí a bá jó irin tí kò jó dáadáa, ìdúró òjijì lẹ́ẹ̀kan ni yóò tú u. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò ní. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

KÍ NI Ó YẸ KÍ A ṢE?

Ìròyìn tí àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tí ń rí sí àyíká gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni a kó kọjá òkun láàrin ọdún 2015 àti 2018, Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yẹ láti rìn mọ́ ní ìlú tí wọ́n ti wá. Ghana ti gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1998 ó fi òfin dá ọkọ̀ tí ó lé ní ọdún 10 dúró. Ní ọdún 2002 ó sọ ọ́ di ìtanràn. Ní ọdún 2020 ilé aṣòfin tún ṣe òfin mìíràn tí yóò dí i pa, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ké gbàjarè, ìjọba sì dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró. Èmi kò dá àwọn oníṣòwò lẹ́bi. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró de oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira kò gbọdọ̀ di ààtàn tí àwọn ẹlòmíràn ń da àkísà mọ́tò wọn sí.

Ohun tí ó ń fún mi ní ìrètí ni pé wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Ghana fúnra rẹ̀. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Accra ní ọdún 2020, Toyota ní Tema ní ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ Kantanka, tí Kwadwo Safo Kantanka dá sílẹ̀, sì ti fi hàn pé ọwọ́ dúdú lè ṣe é. Títí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi wọ́pọ̀ ní iye tí apá olùkọ́ ká, ẹ jẹ́ kí a lo ọgbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ta ará ilé lọ́rẹ ní Accra, ẹ má ṣe rà á ní erékùsù. Ẹ wá ọkọ̀ tí a ti lò ní Jámánì, ní Belgium tàbí ní Amẹ́ríkà, tí sítíárìn rẹ̀ wà ní apá òsì, tí kò sì tí ì pé ọdún 10. Ẹ bi àwọn aṣọ́bodè léèrè iye owó kí ọkọ̀ tó ṣí. Orúkọ ẹni tí yóò gbà á ni kí ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ìwé, kí ó má jẹ́ ti alágbàtà.

Àwọn àgbà wa tí ó wà ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 mọ ohun tí ìwé lè ṣe. Nígbà tí ìjọba Dókítà Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀, àti àwọn tí ó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀. Ìwà rere wọn kò gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá ní ohun ìní ní ìlú onílùú, kí ó kọ́kọ́ ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.