Ère Ojú Ìdíà, Ìyá Ọba Bìní (ẹ̀dà)

Ojú yìí ni àmì FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀dúdú. Ìdíà ni, ìyá Ọba Esigie, akọni obìnrin tó dúró ti ọmọ rẹ̀ nínú ogun Ìdá. Ẹ wo adé rẹ̀ dáadáa: orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n ló tò sí i, àwọn tó ń bá ààfin Bìní ṣòwò nígbà tí ọlá rẹ̀ ń búrẹ́kẹ́. Ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin ní ìkógun. Wọ́n lé ọba ìgbà náà, Ovonramwen, lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Ọdún yẹn náà ni ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, gorí ìtẹ́. Ère gidi, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, wà lára ìkógun náà; Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún náà ń bọ̀ wá wọ̀ sí Festac Town, Nàìjíríà ní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá òun ní ère náà, wọ́n kọ̀. Onínǹkan ló wá ń tọrọ nǹkan rẹ̀!