Ìrìn Kúkúrú Létí Adágún: Bí Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Tí Kò Nílò Afinimọ̀nà Ṣe Ń Ṣe Ara Lóore

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé eré ìdárayá kò lè ṣe ara lóore àyàfi bí ó bá gùn, tí ó le, tí òógùn sì bo gbogbo ara. Ní ọgbà ìgbafẹ́ Itasca, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú kan wà nítòsí adágún tí ó fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà. Ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tí kò fi ìrìn ṣe àṣà lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n agbára wọn, láìsí afinimọ̀nà, láìsí ẹni tí ń lé wọn léré.

Adágún Itasca ni orísun odò Mississippi. Níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú adágún náà, odò ńlá yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò ń gba orí òkúta sọdá rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rin ìrìn tí ó lé ní 3,700 kìlómítà kí ó tó wọ inú òkun ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Àwọn adágún tí ó wà nínú ọgbà náà lé ní 100. Ní ọdún 1832, Henry Schoolcraft kéde pé òun ti rí orísun odò náà, ṣùgbọ́n kò dá débẹ̀. Ozawindib, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹ̀yà Ojibwe, ni ó mú un lọ sí adágún tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Àmì àti ìwé pélébé dípò afinimọ̀nà

Lórí irú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí à ń sọ yìí, àmì àti ìwé pélébé ni ó ń ṣe iṣẹ́ afinimọ̀nà. Wọn a máa ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀ ní ibi tí nǹkan pàtàkì bá wà, wọn a sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Arìnrìn-àjò yóò dúró, yóò wo nọ́ńbà náà, yóò sì ka àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó mú lọ́wọ́. Ní ibòmíràn, ara pátákó ni wọ́n kọ àlàyé náà sí. Ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni Frank Lutz, onímọ̀ nípa kòkòrò, ẹni tí ó fi àlàyé ṣókí-ṣókí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà inú igbó kan nítòsí Tuxedo, ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún 1925.

Ní Itasca, èyí tí orúkọ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ìlera mu jù lọ ni ọ̀nà Dókítà Roberts. Thomas Sadler Roberts jẹ́ oníṣègùn ní ìlú Minneapolis kí ó tó fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ láti gbájú mọ́ ìmọ̀ nípa ẹyẹ. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ Minnesota jáde ní ọdún 1932. Ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè yìí gùn tó nǹkan bí máìlì 2, ìyẹn kìlómítà 3 àti díẹ̀. Ó gba inú igbó àti àbàtà kọjá, ó sì kan ahéré onígi tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ ní ọdún 1934. Ìtì igi tí wọ́n fi kọ́ ahéré náà tóbi débi pé mẹ́rin péré ni wọ́n tò lé ara wọn kí ògiri tó ga tó. Ẹni tí ó bá rọra rìn, tí ó sì ń dúró wo nǹkan, lè fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn ín.

Ohun tí ìmọ̀ ìlera sọ

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ìlànà ti àtẹ̀yìnwá béèrè pé kí eré kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú 10 kí a tó lè kà á kún un; ti ọdún 2020 yọ gbèdéke náà kúrò. Èyí túmọ̀ sí pé ìrìn kúkúrú pàápàá ní iye tirẹ̀. Irú ìgbòkègbodò ara bẹ́ẹ̀ ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti àrùn rọpá-rọsẹ̀ kù. Síbẹ̀, ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nǹkan bí 31 nínú 100 àgbàlagbà lágbàáyé ni kò ṣe tó ìwọ̀n tí ó kéré jù ní ọdún 2022.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ìrìn kánmọ́ tó kò ṣòro: ẹni tí ń rìn yóò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Nítorí náà, ó dára kí a yára díẹ̀ láàárín òpó kan sí èkejì, kí a wá sinmi níbi tí a bá ti dúró kàwé.

Igbó àti omi náà ní ipa tiwọn. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí ojú fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè kúrò ní ilé ìwòsàn, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí ògiri bíríkì. Ìwádìí mìíràn, tí ó jáde ní ọdún 2019 lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àwọn tí ó lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ ní ibi tí igi, koríko tàbí omi wà ni ó sábà máa ń sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Kò sì sí ìyàtọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n lò ó, tàbí wọ́n pín in sí ìrìn kéékèèké. Òtítọ́ ni pé irú ìwádìí kejì yìí kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igbó nìkan ló fa ìlera náà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó máa ń rọrùn fún láti jáde.

Ẹni tí ó dáàbò bo igbó náà

Igbó tí àwọn ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀ yìí ì bá ti pa run. Ibò kan ṣoṣo ni òfin tí ó dá ọgbà náà sílẹ̀ fi borí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Minnesota ní ọdún 1891. Lẹ́yìn náà, àwọn agégẹdú sé omi kí ìtì igi wọn lè léfòó, omi tí ó kún sì ń pa igi etí adágún. Ní ọdún 1903, Mary Gibbs, ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 tí ó gba àbójútó ọgbà náà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí omi náà sílẹ̀. Wọ́n fi ìbọn dẹ́rù bà á, kò yẹsẹ̀. Kò pẹ́ ní ipò náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé ìgbàlejò tí ó wà ní orísun odò náà.

Ìkìlọ̀ fún arìnrìn-àjò

Eégbọn inú koríko Minnesota lè kó àrùn Lyme ran ènìyàn. Kí arìnrìn-àjò wọ ṣòkòtò gígùn, kí ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ó máa gba àárín ọ̀nà, kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò bí ó bá dé, pàápàá abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti inú irun. Bí ara bá lé tàbí tí ibà bá dé lẹ́yìn tí eégbọn bù ú jẹ, kí ó tètè lọ rí dókítà. Afárá pákó orí àbàtà a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀, nítorí náà bàtà tí ó di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn ní láti gba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò dé Minnesota, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wúlò níbi gbogbo. Ẹ wá ọ̀nà kan tí ó ní ibòji, tí kò sí ewu ọkọ̀. Ẹ yan ibi mẹ́wàá tí ẹ ó ti máa dúró wo igi, ẹyẹ tàbí omi. Ẹ mú ọmọdé kan dání, kí ẹ sì sọ orúkọ ohun tí ẹ rí fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú 20 rìn lónìí lè fi 30 rìn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.