Ohun Tó Ń Jẹ́ Kí Epo Pọ́n

Ẹyìn tó gbó kì í fara pamọ́: orí rẹ̀ á dúdú, ìdí rẹ̀ á pọ́n. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́, epo á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọ̀nà Sakété sí Pobè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Àwọn tó ń ṣe epo á fi ìdì ẹyìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ọmọ rẹ̀ lè rọrùn láti já. Wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì gbọ́n ìfófòó pupa tó bá léfòó kaná. Ìhá á di ohun ìdáná, èkùrọ́ á di àdín.

Ní Pobè ni àwọn Faransé ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922. Títí di òní, irúgbìn ọ̀pẹ tí ẹran èso rẹ̀ nípọn, tí epo rẹ̀ sì pọ̀, ń ti ibẹ̀ wá.

Kárótíìnì ló ń jẹ́ kí epo pọ́n. Kílò kan lè ní mílígíráàmù 500 sí 700. Ara ń sọ ọ́ di fítámì A tí ojú fi ń ríran lálẹ́. Tocotrienol, tó jẹ́ ẹbí fítámì E, tún wà níbẹ̀; àwọn olùwádìí ń wò ó bóyá ó lè dín wíwú ara kù.

Bí ẹ̀gún bá gún ni, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ro ni: ara ló ń jà. Ṣùgbọ́n irú ìjà bẹ́ẹ̀ lè máa lọ nínú ara láìsí ọgbẹ́, kó máa ba ọkàn àti oríkèé jẹ́. Nínú yàrá ìwádìí, tocotrienol ti dín àwọn èròjà tó ń fa wíwú yìí kù. Ẹ̀rí lára èèyàn kò tíì tó láti pe epo ní oògùn.

Ó ṣe tán, nǹkan bí ìdajì epo jẹ́ ọ̀rá tó ń dì, irú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún ni lọ.

Bí wọ́n bá wá sun epo náà títí tó fi funfun, kárótíìnì á jóná, ọ̀rá á kù. Ẹni tó bu epo tútù díẹ̀ sórí ẹ̀wà tó ti jinná jẹ èrè rẹ̀ ju ẹni tó ń tún epo àkàrà àná gbé kaná lọ.